Láàárín Igba àti Ọ̀kànlénígba

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ pé kí n fọwọ́ wọ́nú! Ọwọ́ wo? Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Baba Oníléru lánàá, láti ọrùn ẹsẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì dì mí láṣọ mú lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ṣé ìwọ lo kọ ohun tó ń darí ẹ̀rọ ayọ́rin yẹn?" Èmi ni mo kọ ọ́! Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí mo kọ ni wọ́n lò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò kó tó jáde lọ́gbà wa, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Aago kékeré inú ẹ̀rọ ló ń ka iye. Tó bá kà á tán, á yí iná padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ka igba, iná ń yára yí jù, irin ò yọ́. Bó bá ka ọ̀kànlénígba, ìkòkò tí irin wà nínú rẹ̀ á pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sì lè ka igba àti ààbọ̀ láé, odindi ló mọ̀! Oṣù mẹ́rin ni mo fi ro ó, Ẹ̀gbọ́n, oorun ò kùn mí. Mo wá ní kó ka igba lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó ka ọ̀kànlénígba lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa yí i po bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ooru bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́. Irin yọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Mo wá lọ sin ìyá mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Ọ̀gá wo ojú ẹ̀rọ tó ń fi ìrìn iná hàn bí ìlà, ó rí ìlà tó ń gbọ̀n, ó ní àṣìṣe ni, kí wọ́n yọ yíyípo tí mo kọ yẹn kúrò, oníbàárà ń bọ̀ wá wò ó. Ìlà gún lóòótọ́! Ẹ̀rọ lọ. Nígbà tó dé iléeṣẹ́ oníbàárà, níbi tí Baba Oníléru ti ń ṣiṣẹ́, kò rí àárín mú mọ́: ó wà ní igba fúngbà díẹ̀, ó fò sí ọ̀kànlénígba, ó jókòó síbẹ̀, ó tún fò padà. Ìkòkò ń gbóná, ó ń tutù, títí tó fi sán, tí irin yíyọ́ dà lé Baba Oníléru lẹ́sẹ̀. Háà!

Iléeṣẹ́ wa wá kọ̀wé pé ẹni tó kọ ètò ló ṣàṣìṣe. Orúkọ ta ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí? Ẹ má wolẹ̀. Orúkọ yín ni!

Lánàá lẹ tó ń sọ fún mi pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Ẹ ní ẹ sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́. Ẹ sọ̀rọ̀, àbí ẹ sọ ọ́ sínú? Mo mọ̀ pé ọmọ mẹ́rin ń wojú yín. Kí ni ó ń wojú Baba Oníléru, ewúrẹ́? Ọ̀gá lè lé yín, bẹ́ẹ̀ ni, á sì lé yín! Mo fi erùpẹ̀ tí mo bù sí ìyá mi lórí búra, n ò ní parọ́ fún yín pé kò ní lé yín.

Àárọ̀ ọ̀la ni ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ń jókòó. Ẹ dìde níbẹ̀, kí ẹ sọ ohun tójú yín rí. Bí ẹ ò bá sì ní sọ ọ́, ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí. Kí ẹ wo obìnrin yẹn lójú, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé èmi ni mo gé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ wọ bàtà, ká máa lọ.