Òórùn Òbúkọ Mi

Bàbá Affissou, ẹ má wulẹ̀ jókòó tì mí, ẹ má sì sọ pé kí n ní sùúrù, sùúrù tí mo ní náà ló jẹ́ kí Issiaka lójú láti fa ewúrẹ́ wá bá mi láàárọ̀ yìí! Issiaka aránṣọ, àbúrò yín, òun náà tó jẹ́ pé nígbà tí mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Tchetti lóṣù tó kọjá, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan, wọ́n wọ àgbàlá èmi opó, wọ́n mú òbúkọ mi mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Òbúkọ mi! Wàláì, nígbà tí mo dé, mo rò pé àìsàn ló ń ṣe é.

Ẹ mọ ohun tó sọ fún mi? Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, a kàn kásitíré rẹ̀ ni." Kásitíré! Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti ọ́fíìsì bọ̀. Ṣé tí wọ́n bá fi Faransé pè é, kórópọ̀n á padà síbẹ̀ ni? Ó ní Wassila ìyàwó òun lóyún, òórùn òbúkọ ń mú un bì. Hàbà! Òbúkọ wo ni kì í rùn? Ó ní oore ni òun ṣe mí, pé yóò sanra. Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ jẹ ẹ́?

Ẹ̀yin náà mọ̀. Gbogbo ewúrẹ́ tí ìyá mi fà lé mi lọ́wọ́ láti Lougba, àìsàn pa wọ́n tán lọ́dún tí owó séfà já wálẹ̀. Òbúkọ yìí nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó dùn mí, Bàbá Affissou, ó dùn mí dé egungun. Ládùúgbò yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ sin akọ nítorí òórùn, ṣùgbọ́n bí abo wọn bá ti ń ké pé òun ń wá akọ, ọ̀dọ̀ èmi Salamatou ni wọ́n ń fà á wá. Ṣé mo gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí? Issiaka fúnra rẹ̀ ló ṣèlérí pé tí òun bá ra ewúrẹ́, abo àkọ́kọ́ tó bá bí, tèmi ni, kí irú ti ìyá mi lè padà sílé.

Ó wá ra ewúrẹ́ o. Ó fà á wá láàárọ̀ yìí, ó ní òbúkọ mi dà! Mo wò ó lójú. Ó ní, "Ṣé kò lè gbìyànjú ni?" Kó gbìyànjú kí ni? Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ṣé kò mọ̀ pé ará ilé òun ló máa bà?

Kí lẹ wí? Kí n dárí jì í? Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìdajì ọmọ ewúrẹ́ tó wà ní Bantè yìí, òbúkọ mi ni baba wọn. Kí Issiaka lọ láti ilé dé ilé, kó bá mi tọrọ abo kan lára wọn, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi ń tọrọ. Kó má fi Faransé sọ ọ́ o! Èdè wa ni kó fi sọ ọ́, kí gbogbo obìnrin ilé gbọ́.

Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́! Ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń ké yẹn. Abẹ́ fèrèsé Wassila gan-an ló so ó mọ́! Háà, bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á rín. Ẹ bá mi kí Wassila, ẹ ní kó fara balẹ̀, abo kì í rùn, ariwo lásán ni.