Ìlà Pupa Tí N Kò Jẹ́ Kó Jáde Lórí Bébà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀, n kò sọ ọ́ fún ọmọ mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ wá búra lórí ohun tí èmi ṣe.

Abúlé kan létí òkun ni wọ́n bí mi sí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, kò jìnnà sí Ayétòrò. Orí òpó ni ilé wa wà, omi wà lábẹ́ rẹ̀. Afárá onípákó la fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí wọ́n bá yọ pákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láàárín èèyàn nìyẹn.

Ohun tí Bàbá Adéwọlé ṣe fún ìyá mi nìyẹn. Òun ló ni ìkángun abúlé. Nígbà tí bàbá mi kú, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ìyá mi, ìyá mi kọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó yọ gbogbo pákó tó so ilé wa mọ́ ti àwọn yòókù. Ó dúró lórí afárá tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ní o ò fẹ́ ọkọ? Ẹja náà ò lọ́kọ. Máa wẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Àwọn aládùúgbò bá a rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ìyá mi ń jò. Nígbà ọyẹ́ ló ṣubú sómi, ikọ́ mú un, ikọ́ náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Mo kàwé, mo di ayàwòrán fún àwọn ẹnjiníà, mo fi gègé àti yíǹkì ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dé. N kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà kan ní Àkúrẹ́ bẹ̀ mí pé kí n máa wá ṣètò àwòrán wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń yà á. Èmi ni mo ń wò ó bóyá ìwọ̀n rẹ̀ péye, bóyá ìlà tó yẹ kó nípọn nípọn, bóyá ohun gbogbo wọ inú bébà. Bí mo bá ti ní ó pé, kò sẹ́ni tó ń tún un wò.

Lọ́jọ́ kan, àwòrán ògiri tí wọ́n fẹ́ fi dí òkun ní abúlé wa ló dé iwájú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú kọ̀ǹpútà, ìpele-ìpele la máa ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀: ilé lórí ọ̀kan, omi lórí ọ̀kan, ògiri lórí ọ̀kan. Àmì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan wà níwájú ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá pa á, ìlà náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò ní jáde lórí bébà.

Apá ìkẹyìn ògiri náà wà lórí ìpele tirẹ̀, nítorí ìgbà tí wọ́n padà lọ wọn ilẹ̀ ni wọ́n tó fi kún un. Ìlà pupa ni. Òun ló yí agboolé Adéwọlé ká.

Mo wò ó títí tíì mi fi tutù. Mo pa àmì náà.

Ẹnjiníà wá dúró lẹ́yìn mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà pupa wà níbẹ̀ rekete.

"Màmá, ṣé ó ti pé?"

"Ó ti pé."

"Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ yín, kó wá gba ipò mi." Bí bébà ṣe ń jáde ló ń bọwọ́ lù ú.

Ohun tó wà lórí bébà ni àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ́. Abúlé kọ lẹ́tà wá sí ọ́fíìsì wa pé kí ló dé tí ògiri fi dúró lọ́nà. Èmi ni mo gba lẹ́tà náà. Mo fi í pamọ́.

Òkun gba ìpẹ̀kun ògiri wọlé. Kí òjò ọdún kejì tó dá, agboolé Adéwọlé ti lọ tán, òpó àti pákó. Ọjọ́ tí mo gbọ́, mo jẹ pùpùrù, mo yó dáadáa.

Ṣùgbọ́n Bàbá Adéwọlé ti kú tipẹ́. Mojí ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ilé náà. Nígbà tí wọ́n yọ pákó wa, Mojí yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń jí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti wá gbé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ̀ nà án títí, Mojí kò jáwọ́. Mo mọ̀ pé ó wà nínú ilé yẹn nígbà tí mo pa àmì náà. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè sọ fún yín pé mo gbàgbé.

Yàrá kan ni Mojí háyà ní Igbókòdá báyìí. Dáre àbúrò rẹ̀ ló ṣojú abúlé lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà nígbà náà. Àwọn ará abúlé ní ó gba rìbá kí wọ́n lè gé ògiri kúrú. "Atògirijẹ" ni wọ́n ń pè é ní gbangba. Wọ́n fẹ́ kó di Bíbélì mú lójú gbogbo abúlé. Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Mojí pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ àwòrán kà. Mo ń mú bébà ògiri yẹn bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sátidé tí wọ́n dá. Ẹ bá wa wò ó, bóyá ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti yí i. Dáre ò lè ṣe é."

Mo ní kó máa bọ̀.

Àwòrán náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i lánàá, mo dá àmì náà padà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìlà pupa náà jáde. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú ìṣáná fẹ́ sun ún.

N kò tíì dárí ji bàbá yẹn, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi bébà yìí han Mojí, ó máa mọ̀ pé èmi ni. Bí mo bá sì dákẹ́, Dáre kò ní pẹ́ kú sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Mojí ní òun máa mú ẹja gbígbẹ bọ̀, irú èyí tí ìyá mi fẹ́ràn. Ọwọ́ wo ni kí n fi gbà á?