Iṣẹ́ Tí Bùsàrí Rán Mi sí Bọ̀dá Ògúnwálé

Wọ́n ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan báyìí ni... wọ́n ní òun gan-an ló ní kí wọ́n gbé e jáde bẹ́ẹ̀, pé bó bá bàjẹ́ tán... ẹ ṣáà mọ ìyókù. Wọ́n ní ó mọ̀, ó mọ̀ dáadáa, ó kàn ń... Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní àdúgbò Agric, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú gúrúùpù gbogbo àwọn tó ń gbá géèmù. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà dópin, torí kò sẹ́ni tó mọ òpin rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ni irọ́ náà ti jáde, ó sì tó gẹ́ẹ́. Bí ojú tilẹ̀ ń tì mí, mo fẹ́ sọ òótọ́ lónìí.

Mọ́fẹ́yìsára ni orúkọ mi. Ọ̀ṣun ni àwọn òbí mi ti wá, Itamaga ní Ìkòròdú ni a háyà ilé sí. N kò lọ sílé ẹ̀kọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìyá mi àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, ló kọ́ mi nínú ilé. Ohun tí wọ́n fi ń yìn mí láti kékeré ni pé mo mọ iṣẹ́ jẹ́. Bí ará ilé kan bá rán mi sí lánlọ́ọ̀dù pé, "Sọ fún un pé òṣìkà ni," màá kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, màá ní, "Wọ́n kí yín, sà. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá àwọn wo ọ̀rọ̀ omi yẹn." Ìyá àgbà á fọwọ́ pa mí lórí. Wọ́n ní bí wọ́n bá fi ìbínú rán mi sí àgbà, kí n fi ìbínú náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo gba ẹ̀kọ́ yìí débi pé mo fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Bọ̀dá Ògúnwálé ló ni ilé iṣẹ́ kékeré tó ṣe géèmù "Ìlú Etídò". Ẹ̀yin tí ẹ rà á mọ̀ ọ́n: èèyàn á tẹ ìlú dó sétí omi, á gbin ìrẹsì, á rán apẹja sódò, á mọ odi de àwọn agbésùnmọ̀mí. Ó ń pẹ́ kí ìlú tó dàgbà, ìdí nìyẹn tí ọkàn èèyàn fi ń wọ̀ ọ́. Bọ̀dá fúnra wọn ló kọ ibi tí géèmù ti ń fi ìlú oníkálukú pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n lọ gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, kí àwọn ará inú géèmù lè máa kí ara wọn bí èèyàn gidi. Iṣẹ́ Bùsàrí ni kó máa wá àléébù inú géèmù náà. Ẹ̀pẹ́, nílé ìyá rẹ̀, ló ti ń ṣe é. Òun àti Bọ̀dá ti jiyàn lórí fóònù, Bọ̀dá sì ní àwọn ò ní gbé ìpè ọmọ aláríwísí mọ́. Láti ìgbà náà, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn.

Ọjọ́ tí mo lọ gba ìkíni àwọn apẹja sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, Bùsàrí pè mí wọlé. "Mọ́fẹ́, wá wo ìlú mi." Ìlú náà rẹwà. Bí géèmù ṣe ń fi ìlú náà pamọ́ lọ́wọ́, Bùsàrí fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri, ó tún tì í bọ̀ ọ́ padà. Nígbà tí géèmù ṣí padà, omi nìkan ló kù. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣa ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, yọjú wò ó.

"Àwọn èèyàn inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, Màámi."

"Odidi ìlú, torí wọ́n mú iná lọ? Ní Ẹ̀pẹ́ níbí? A jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ó máa sìnkú."

Mo rẹ́rìn-ín. Bùsàrí ò rẹ́rìn-ín. Ó ní géèmù náà ń nu ìlú tó ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ kúrò kó tó kọ tuntun tán, bí iná bá lọ láàárín, méjèèjì ló ṣègbé. Bọ̀dá ò lè rí i, torí ní ọ́fíìsì wọn ní Itamaga, bátìrì ńlá kì í jẹ́ kí iná ṣẹ́jú. Ó wá rán mi níṣẹ́. Ó ní kí n jẹ́ ẹ bó ṣe rí gan-an.

Bọ̀dá Ògúnwálé ti kéde ọjọ́ tí géèmù máa jáde nígbà tí mo dé. "Ìyàwó mi, kí lọ̀rẹ́ ẹ wí?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ó kí yín, sà. Ó ní iṣẹ́ yín dáa. Ó ní ó ku nǹkan díẹ̀ tí ẹ máa fojú wò."

"Ṣé ó lè dúró dìgbà tó bá jáde?"

"Bí ẹ bá ṣe rí i, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ gidi. Àwọn ọmọ ìta yẹn ì bá ti ní ayé parí." Inú mi dùn. Ẹ wo òmùgọ̀, inú mi dùn.

Géèmù jáde, iná lọ, ìlú àwọn èèyàn pòórá. Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, tó ń ti Ìkòròdú lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, kọ̀wé sí wa: "Orúkọ bàbá mi tó kú ni mo sọ ìlú yẹn. Ẹ dá a padà fún mi." Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ bínú. Bọ̀dá Ògúnwálé pè wá jọ, wọ́n ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá àléébù ò sọ nǹkan kan. Bùsàrí dìde. "Mo rán Mọ́fẹ́ sí yín."

Gbogbo ojú yí sí mi. Bọ̀dá ní, "Mọ́fẹ́, kí ló ní kí o sọ?" Bí mo bá sọ òótọ́, mo di ẹni tó ń já àgbà nírọ́ lójú gbogbo ayé, wọ́n á sì mọ̀ pé èmi tí wọ́n ń yìn, n kò mọ iṣẹ́ jẹ́. Mo wolẹ̀. Mo ní, "Ó ní kí ẹ gbé e jáde, sà."

Bùsàrí ò pariwo. Ó ní, "Mọ́fẹ́, èmi àti ẹ?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń pè é ní Apàlúrun. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ gbà á sọ pé àwọn ò ṣe mọ́. Mo rí i, mo dákẹ́. Bọ̀dá náà dákẹ́, wọn ò sọ fẹ́nì kan pé ọwọ́ ara wọn ló kọ ibi tó bàjẹ́. Ṣé bó ṣe yẹ kí àgbà ṣe nìyẹn? Ṣùgbọ́n n kò ní fi tiwọn bo tèmi mọ́lẹ̀.

Ìyá Bùsàrí wá sílé wa láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé ẹja gbígbẹ wá fún mi. "Ọmọ mi ní ìwọ lòun rán. Mo ní bó bá jẹ́ Mọ́fẹ́ ni, ó jẹ́ ẹ. Ṣé o jẹ́ ẹ?" Mo ní, "Mo jẹ́ ẹ, mà." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n dúpẹ́ o. Bí wọ́n ṣe lọ tán, ìyá mi àgbà pè mí láti inú yàrá: "Báwo lo ṣe jẹ́ ẹ?" Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ní kí o fi ìbínú sílẹ̀ lójú ọ̀nà. N kò ní kí o da iṣẹ́ nù."

Ẹ̀yin ọmọdé tí wọ́n ń yìn bíi tèmi, ẹ ṣọ́ra fún oríyìn yẹn. Ìyá Bùsàrí, ẹ dárí jì mí. Ẹja yín ṣì wà nílẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́. Bùsàrí, n kò bẹ̀ ẹ́ pé kí o tètè gbàgbé. Bọ̀dá Ògúnwálé, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà báyìí, mo wá jíṣẹ́ tó yẹ kí n ti jẹ́, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀:

"Sọ fún Ògúnwálé pé mi ò pè é ní Bọ̀dá lónìí. Ibi tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ló ń pa ìlú rẹ́. Kó má gbé e jáde. Bó bá gbé e jáde, á jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń tan àwọn tó máa rà á ni. Sọ pé èmi Bùsàrí ni mo wí bẹ́ẹ̀. Má sì bá mi tún un ṣe o, Mọ́fẹ́. Mo mọ̀ ẹ́."