Gbólóhùn Tí N Kò Túmọ̀ fún Ràímì

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ Manigri ní ilẹ̀ Benin ni mí, Bassila ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ilé wa àti ilé Ràímì ti ń bára wọn jà láti ayé àwọn bàbá wa, nítorí ààlà oko kajú kan lọ́nà Doguè. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, a kì í débẹ̀. Bí a bá ń ṣe tiwa, wọn kì í wá.

Nígbà ọyẹ́ kan, iná jó oko kajú Bàbá Saka, àbúrò bàbá mi. Bàbá Saka lọ sí kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní Ràímì ni. Wọ́n mú un.

Ará gúúsù ni ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ náà, kò gbọ́ Nàgó, èdè wa. Ràímì kò lọ iléèwé, kò gbọ́ Faransé. Wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Ó yẹ kí n sọ pé ará ilé olùfisùn ni mí. N kò sọ.

Ràímì ń wo ẹnu mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn pé lóòótọ́ ni mo dáná nítòsí ààlà, mo fi sun iṣu jẹ. Ṣùgbọ́n mo bu omi pa á, mo sì fi erùpẹ̀ bò ó kí n tó kúrò.”

Mo sọ pé ó ní òun dáná nítòsí ààlà. Mo dákẹ́ síbẹ̀.

Ọlọ́pàá náà bi mí pé, “Ṣé gbogbo ohun tó sọ nìyẹn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, Ràímì sì tẹ ìka sí ìwé náà.

Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó rán mi. Inú ń bí mi nítorí àwọn igi wa. Mo rò pé wọn yóò kàn tì í mọ́lé díẹ̀, wọn yóò sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ níwájú adájọ́ pé òun pa iná náà, wọ́n ní ó ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ṣẹ̀wọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Saka jẹ́wọ́ fún mi pé òun fúnra òun ló tiná bọ igbó láti lé ọ̀yà jáde, tí afẹ́fẹ́ sì gbé e.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ.”

Ó wò mí. “Ta ló ṣe ògbufọ̀?”

Mo padà sílé, n kò lọ sọ.

Ìyá Ràímì kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Àwọn ẹlòmíì ló bá a sin ín. Mo lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sún mọ́ ibojì.

Bàbá Saka náà ti kú. Ràímì ti jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ru iṣu wá sílé mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tòun ti ìjà tó wà nílẹ̀. N kò gbàgbé.” Ó ní wọ́n fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ààlà náà lọ́dọ̀ olórí abúlé, èmi sì ni ilé àwọn fẹ́ kó ṣe agbẹnusọ fún wọn.

Mo ní kò burú. Ẹ ò rí i, mo tún purọ́.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dá mi láre. Mo ṣẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, àdá lè yọ láàárín ilé méjèèjì, iṣẹ́ mi sì lè lọ. Ṣé kí n lọ bá Ràímì sóko ní èmi nìkan, àbí kí n dìde sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọjọ́ ìpàdé náà ti sún mọ́lé, Ràímì yóò sì jókòó tì mí, yóò máa retí kí n la ẹnu.