Ẹ̀rín Tí Wọ́n Ń Gbọ́

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú mọ́tò tó ń ti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, láàárín ìyá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà tó ń bá a ka lẹ́tà.

“Màmá, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ yín ní Kàdúná ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ yín ‘láàfù’ lọ́jọ́ Àìkú.”

“Kí nìyẹn?”

“Ó rẹ́rìn-ín ni.”

“Ẹ̀rín mùsẹ́? Ó rín ìyẹn sí mi nígbà tí mo lọ wò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ojú ogun dé, kò tíì fọhùn.”

“Ọ̀rọ̀ mìíràn ni Òyìnbó ń lò fún mùsẹ́, Màmá. Láàfù ni èyí, ẹ̀rín tí wọ́n ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní garawa bọ́ lọ́wọ́ òun, omi dà sí òun lára, ni ọmọ yín bá bú sẹ́rìn-ín.”

“Tí wọ́n ń gbọ́?”

“Tí wọ́n ń gbọ́, Màmá.”

“Alihamudulilahi! Tíṣà, nígbà tó wà lọ́mọdé, kànnàkànnà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Ẹ̀rín lásán ni òun fi ń lé tirẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi fi ìka mi lé ọ̀rọ̀ náà.”

Tíṣà fi í lé e.

“Ó mà kéré o! Òun náà ló gbé ohùn ọmọ mi ti Kàdúná wá.”

Títí a fi wọ Ìlọrin, ìka ìyá náà ò kúrò níbẹ̀.