Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn "Mò Ń Bọ̀" Lọ́run

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, èmi Bámidélé ni mo kọ ìwé yìí, olùkọ́ físíìsì, ẹni tí ẹ máa ń pè ní Bọ̀dá Oníwèé-Ẹ̀sùn tí ẹ bá rò pé mi ò gbọ́. Mo ti ní kí Akọ̀wé ìjọ kà á sí yín létí lẹ́yìn orin àkọ́kọ́, torí nígbà tí ẹ ó bá máa gbọ́ ọ, mi ò ní sí láàárín yín. Kó kà á délẹ̀. Kó má sì fo ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Àárọ̀ òní ni mo rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Lẹ́yìn àdúrà ìdájí, nígbà tí gbogbo yín lọ múra fún ìsìn, èmi ò lọ sílé. Mo wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ, mo kúnlẹ̀, mo tún gba àdúrà kan ṣoṣo tí mo ti ń gbà láti oṣù mẹ́jọ wá: pé kí Ọlọ́run fi ohun tí yóò ṣe fún Alàgbà Láògún hàn mí. Mi ò tọrọ ìtùnú. Mi ò tọrọ ẹ̀mí ìdáríjì tí ẹ máa ń ní kí n tọrọ. Mo ní kí Ó fi hàn mí, kí n fi ojú ara mi rí i.

Kí àlejò tó bá wà láàárín yín lè mọ ohun tí mò ń wí: àbúrò mi obìnrin, Ìyábọ̀, ni ikọ́ fée mú nínú ọgbà ìjọ yìí lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Òjò ti lé gbogbo ọlọ́kadà lọ. Ọkọ̀ ìjọ nìkan ló wà nílẹ̀, ọwọ́ Alàgbà Láògún ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Ó ní òun fẹ́ sáré lọ já àga sílẹ̀ nílé àna òun tó ń ṣílé. Ó tẹná sọ́kọ̀, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mò ń bọ̀." Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá nìyẹn. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ló padà dé. Ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìyábọ̀ ti kú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, orí rẹ̀ lórí itan mi. Mo kọ lẹ́tà méje sí ìgbìmọ̀ ìjọ. Wọ́n pè wá jókòó. Alàgbà ní òun ò pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀, kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti fi lé E lọ́wọ́. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí.

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni oorun ti gbé mi lọ. Ẹnì kan fi nǹkan tọ́ mi léjìká. Arákùnrin kan ni, aṣọ funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, ó di ọ̀pá gígùn kan mú bíi ti àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lára ọ̀pá náà. Kí n má purọ́ fún yín, mi ò bi í bóyá áńgẹ́lì ni. Ohun tí mo bi í ni pé kí ló ń fi ọ̀pá tí kò ní àmì wọ̀n.

Ó ní, "Ìwọ ṣáà máa tẹ̀ lé mi, olùkọ́."

Ó fi ọ̀pá náà lu ilẹ̀, ilẹ̀ yà. Mo bá ara mi ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan, ilẹ̀ pupa, kò sí igi, kò sí òjìji, ọ̀nà kan ṣoṣo ló la àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n to àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà lọ títí ojú mi ò fi ká wọn mọ́. Irin ni wọ́n, wọ́n pọ́n bí ẹ̀yinná. Èèyàn jókòó sórí wọn, gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà. Bí mo ti ń wò wọ́n, eruku dìde lókèèrè, gbogbo wọn sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń wí pé ó ti dé, ó ti dé, èmi pàápàá na ọrùn, torí ó ń dún bí ọkọ̀, ó ń bọ̀ bí ọkọ̀ tó fẹ́ dúró gbé èèyàn, ó dín eré kù, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, àfi bó ṣe di iná, iná lásán, iná tó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí lọ, ó gbá wọn láti ẹni àkọ́kọ́ dé ibi tí mi ò rí, awọ ara wọn ń ká bíi bébà, wọ́n ń ké, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó sá nínú wọn, torí wọ́n rò pé ọkọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iná náà kọjá. Ara wọn padà sípò. Wọ́n jókòó padà sórí irin, wọ́n tún ń wojú ọ̀nà.

Mo bi í pé ta ni wọ́n. Ó ní òpùrọ́ ni wọ́n, àwọn tó sọ pé àwọn ń bọ̀. Ó ní ìwojú-ọ̀nà ni òṣùwọ̀n tó kéré jù níbẹ̀: ìgbà kan ṣoṣo tí ẹni tó ń retí bá gbé orí sókè wo ọ̀nà. Tí wọ́n bá wá kó gbogbo ìwojú-ọ̀nà tó wà nínú ìlérí kan jọ, mò-ń-bọ̀ kan nìyẹn. Iye mò-ń-bọ̀ tí èèyàn bá dá sílẹ̀ láyé ni yóò fi jókòó síbẹ̀.

Mo bá a jiyàn, ará. Níbi tí iná ti ń jó, mo bá a jiyàn. Mo ní òṣùwọ̀n tó ń gùn tó sì ń kúrú kì í ṣe òṣùwọ̀n, pé bí ọmọ kíláàsì mi bá kọ irú rẹ̀ sínú ìdánwò, òdo ni màá fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Lọ́dọ̀ yín, ẹni tí wọ́n ń dúró dè ló ń di aago mú," ló wí. "Níhìn-ín, ẹni tó ń dúró ló ń wọ̀n ọ́n."

Ó fi ọ̀pá nàka sí ọ̀kan nínú wọn. Ó ní èyí sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ ra káàdì fóònù níwájú ilé, ọjọ́ kẹta ló wọlé, tó ń ta sánsán lọ́fínńdà obìnrin mìíràn, ọdún mọ́kànlá ló sì fi ń ra káàdì bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tún wà tí kò jókòó, tó ń rìn láàárín ẹ̀yinná pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Tí àwọn opó bá wá gba ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ wọn lójú fèrèsé rẹ̀, á ní kí wọ́n padà wá lọ́la, nígbà tí ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Lọ́la ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà tirẹ̀. Lọ́la kan ni ìrìn opó kan láti ilé rẹ̀ dé ojú fèrèsé yẹn àti ìrìn rẹ̀ padà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́la ló wà níwájú rẹ̀. Kò tíì rin mẹ́rin tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti jó dé egungun.

Lẹ́yìn náà ni mo rí àpótí kan tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀: Láògún. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Mo tiẹ̀ fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná dáadáa, ó sì bó mi níka. Mo ní kí arákùnrin náà wọ̀n ọ́n lójú mi. Ó gbé ọ̀pá lé e, àmì sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára ọ̀pá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igba ìwojú-ọ̀nà ó lé mọ́kànlá. Èmi tí mo di aago mú lọ́jọ́ náà, tí mo ka ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́rùn-ún kí ó tó kú, tí mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà méje, mi ò mọ̀ pé Ìyábọ̀ gbé orí sókè tó bẹ́ẹ̀. Orí itan mi sì ni orí náà wà.

Mo bi í bóyá orúkọ yẹn ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀kì ni, pé tí onítọ̀hún bá tọ ẹni tó ń dúró lọ, tó sọ òótọ́ fún un, á parẹ́. Mo ní ẹni tó dúró dè é ti kú. Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ náà wà lórí àtẹ̀gùn yẹn."

A kọjá síbi tí àwọn kan ti ń ru ẹrù gun òkè. Ẹrù náà ò ju ìkúùkù lọ, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ wọ́n rì dé orúnkún. Ìdákẹ́ ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn: ìdákẹ́ kan ni ìwúwo ọ̀rọ̀ kan tí èèyàn mọ̀ pé òótọ́ ni, tó sì gbé e mì níbi tó yẹ kó ti sọ ọ́. Mo rí ẹrù tí ẹni tó ni ín ò tíì dé. Akọ̀wé, mo rí tìrẹ. O wà níbi ìṣílé náà. O rí ọkọ̀ ìjọ lábẹ́ igi máńgòrò, o rí Alàgbà tó ń jẹun, o mọ aago tó dìde. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bi ọ́, o wúkọ́. Ìdákẹ́ méje ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí o gbà lọ́wọ́ mi. Tí o bá ti ka ibí yìí síta, ó ti ku mẹ́fà.

Nígbà tí a jáde lápá kejì, afẹ́fẹ́ tutù. Ibẹ̀ ni àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi, lábẹ́ òjìji, lórí koríko, gbogbo wọn sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí ẹni tí wọ́n ń retí mọ́ tí kò ní dé. Kú-àbọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà tiwọn, láti ibi tí wọ́n ti dá ọ mọ̀ dé ibi tí wọ́n ti dì mọ́ ọ. Ìyábọ̀ rí mi ní kú-àbọ̀ kan. Kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, mo gbọ́ èémí rẹ̀: ó ń wọlé, ó ń jáde, kò sí híhan kankan nínú rẹ̀. Mo sunkún.

Ó ní, "Ẹ mà ti rù o, Bọ̀dá mi. Ṣé lẹ́tà lẹ̀ ń jẹ?"

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, lẹ́tà kìn-ín-ní títí dé ìkeje, ohun tí Alàgbà sọ, ohun tí alága ìgbìmọ̀ sọ. Ó gbọ́ mi tán. Kò bi mí nípa Alàgbà.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ Màámi?"

Ìyá wa ń gbé lábúlé, ìrìn wákàtí mẹ́ta síbí. Láti ìgbà tí a ti sin Ìyábọ̀, mi ò débẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń pè mí, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ fún un pé kí n kàn parí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ yìí. Mo dá Ìyábọ̀ lóhùn pé mo ti sọ fún Màámi pé mò ń bọ̀. Bí ó ti jáde lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ọ.

Arákùnrin náà gbé ọ̀pá lé mi láyà. Àmì bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n tún ń yọ lórí ara wọn bí èèrà, mo sì rí Màámi. Ó jókòó níwájú ilé, ó wọ bàtà ìróde rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dín eré kù níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dojú kọ ilé wa, á gbé ọwọ́ síwájú orí, á wò ó títí yóò fi kọjá. Mo ní tèmi yàtọ̀, pé mo ní ìdí. Arákùnrin náà ní gbogbo ẹni tó wà lórí irin yẹn ló ní ìdí.

Ó mú mi padà gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Láògún tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kan ń dá kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí B, mo rí a, mo rí m, mo rí i, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ọwọ́ mi bó, mo fi ẹ̀wù nù ún, ẹ̀wù jó, mo tutọ́ sí i, itọ́ gbẹ kó tó débẹ̀, mò ń pariwo pé Màámi, ẹ má wo ọ̀nà mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ẹ má wo ọ̀nà, ó kọ d, ó kọ e, eruku sì ti ń dìde lókèèrè. Ṣọ́ọ̀kì náà dúró. Mo bi arákùnrin náà pé kí ló dé tó dúró. Ó ní bóyá ó ti rẹ ìyá, ó wọlé lọ sinmi. Bóyá nǹkan mìíràn ni. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló jí mi. Mo ti pe Màámi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó ń dún, kò gbé e. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sápá ibẹ̀ kì í gbéra kí aago mẹ́jọ tó lù, ogójì ìṣẹ́jú tó kù ni mo fi kọ èyí.

Alàgbà Láògún, mi ò fa ẹ̀sùn mi padà. Mo fọwọ́ kan ìjókòó yín, ó gbóná. Ẹ wá bá mi níbikíbi tí mo bá wà, kí ẹ sọ iye wákàtí tó jẹ́. Ẹ̀yin ará yòókù, ẹ lọ wo ẹni tó jókòó síwájú ilé nítorí yín kó tó dìde níbẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́nu géètì á bi mí pé níbo bí mo bá ń jáde, wọ́n á fẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ, torí a ò fẹ́ gbọ́ èkejì rẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́. Lẹ́tà méjì ló kù fún ṣọ́ọ̀kì yẹn láti kọ nínú orúkọ mi.

Mò ń lọ.