Táì Lọ́rùn, Ọmọ Lẹ́yìn

Ẹ tú ọmọ náà sílẹ̀! Mo ní ẹ tú Fàdìlàt sílẹ̀ lẹ́yìn yín kí n tó dé ibi tí ẹ wà yẹn, Ìyá Yúnúsà, torí bí mo bá débẹ̀ tán, n kò ní rántí mọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Kí ni? Kí n rọra? Ta ni kó rọra? Ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé nínú ilé ara rẹ̀ ní Ìlárá, tó gun ọ̀kadà wá sí Sábó láìwọ bàtà, òun ni kó rọra?

Ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣòwò obì wọ̀nyí gbọ́ o. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fa apẹ̀rẹ̀ wọn sẹ́yìn bí ẹni rí ajá dìgbòlugi! Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ fún wọn bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ní orí Ṣẹ̀rífù àbúrò yín ti yí. Ẹ ní ẹ yọjú lójú fèrèsé, ẹ bá mi pẹ̀lú táì lọ́rùn, ṣòkòtò péńpé nídìí, ọmọ lẹ́yìn, tí mò ń dá nìkan bá ògiri sọ gẹ̀ẹ́sì. Háà! Wàlláhì, ẹ ṣeun. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ńkọ́, ẹ ò rí i? Ohun tó wà létí mi ńkọ́? Míítìn ni mo wà! Láti àyà sókè ni ọ̀gá mi l'Ékòó ń rí, kí ni mo fẹ́ wọ ṣòkòtò gígùn fún nínú ooru yìí?

Mo sọ ọmọ kalẹ̀ sórí ẹní nígbà tó sùn, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, kí n tó yíjú padà, ẹní ti ṣófo. Òfo, Ìyá Yúnúsà! Ọ̀gá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo fò dìde, mo ń wo inú kànga, mo ń wo abẹ́ mọ́tò, mo ń pariwo orúkọ ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn, àfi ìgbà tí Morónkẹ́ oníbúrẹ́dì ní, ẹ̀gbọ́n yín mà ló pọ̀n ọ́n lọ. Bí Kareemat ìyàwó mi bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Ògèrè dé, tó ní ọmọ òun dà, kí ni kí n wí?

Ẹn-ẹn, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń lọ. Ìyàwó ló gbé mi sápò, òun ló fún mi ní nǹkan jẹ tí mo fi ń pọn ọmọ. Ẹ tilẹ̀ ti ránṣẹ́ sí Àáfà kó wá bá mi fọ orí. Kí Àáfà jókòó sílé rẹ̀! Àwa méjèèjì la jọ pinnu ẹ̀, kóun máa jáde, kí n máa ṣe tèmi nílé, kí n máa mójú tó ọmọ. Oníbàárà ilé iṣẹ́ wa tí ọjà rẹ̀ kò dé, èmi ló ń pè. Ẹni tí inú ń bí, èmi ni mò ń tù ú nínú. Ṣé ẹni tí orí rẹ̀ yí ló ń tu èèyàn nínú látàárọ̀ dalẹ́?

Ẹ wojú mi. Ta ló pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa bá wọ oko lọ ra obì? Ẹ̀yin kọ́? Ẹ pọ̀n mí, ẹ ń ṣa obì, ẹ ń fi ewé bò ó, mo ń ké, ẹ ń jó fún mi, ọwọ́ yín ò sì dúró. Gbogbo Sábó ní ọmọ tó tẹpá mọ́ṣẹ́ ni yín. Èmi náà pọn ọmọ mi sẹ́nu iṣẹ́, wèrè ni mo dà! Ó dùn mí o. Torí pé ẹ̀yin ni ló ṣe dùn mí. Ká ní ará ìta ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Kí lẹ wí? Kí n kọ́kọ́ mu omi? N kò mu! Bóyá iṣẹ́ ṣì wà, bóyá ó ti lọ, n kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá tún fọwọ́ kan ọmọ mi láìsọ fún mi, Ọlọ́run ni yóò bá mi mú un. Ẹ má gbé e fún mi lọ́wọ́. Mo ní ẹ má gbé e fún mi lọ́wọ́! Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e lé mi lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ọ̀já yín yẹn gbá a mọ́ mi, lójú gbogbo àwọn tí ẹ pè mí ní wèrè fún. Ẹ fà á le dáadáa o, ọ̀kadà la fẹ́ gùn lọ sílé!